Ọkọ Kaoussara àti Òfin Aago Mẹ́jọ

Ẹ má bi mí pé kí ni ọkọ Kaoussara ṣe gan-an tí ìyàwó rẹ̀ fi di ẹrù. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà ní òdìkejì ilé wọn ní Tchaourou, ní ọ̀nà tó lọ sí Alafiarou, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wá rán aṣọ, orí mi á dàrú. Bí mo bá dá ọkọ lẹ́bi lówùúrọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ìyàwó ni mo ti ń dá lẹ́bi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá dá lẹ́bi mọ́, màá kúkú dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́bi pé kò gé òwú dáadáa.

Rafiou ni orúkọ ọkọ náà. Sanson ni wọ́n bí i sí, ọmọ àgbẹ̀ ni. Àpò ló kọ́kọ́ ń rù ní ilé iṣẹ́ kajú tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Láti ìdí àpò ó bọ́ sí ìdí òṣùwọ̀n, láti ìdí òṣùwọ̀n ó di igbákejì ọ̀gá, nígbà tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sì padà sí Cotonou, wọ́n ní kí Rafiou bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ta ni kò mọ Rafiou? Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sọ ọ́ tán, tí fìlà rẹ̀ kì í jókòó dáadáa lórí, tí kì í kọ oúnjẹ bí èèyàn bá ní kó wá jẹ. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílé obìnrin kan lára àwọn tó ń pa kajú, Rafiou ti débẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Bí ẹnikẹ́ni lára wọn bá bímọ, òun ló máa ń pariwo jù nínú àwọn tó ń ṣe àmín.

Ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í dúró de ọ̀sán. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, kí onílé tó bọ́jú tán, ni wọ́n ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí kò sí etí ẹlòmíràn nítòsí nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìloro Rafiou fi máa ń kún ní ìdájí. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ lù ú á wá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn á wá, ẹni tó fẹ́ gbàyè lọ sin ìyá rẹ̀ náà á wá. Ta ló ń po ògì fún gbogbo wọn? Kaoussara ni. Òun náà sì ní ìsọ̀ tó ń lọ ṣí lọ́jà.

"Tata Karimath," ló máa ń wí fún mi, "ọkọ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ gbogbo usine, gbogbo ilé iṣẹ́ kajú yẹn."

Lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ fún Rafiou fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Bí o kò bá ráyè fún èmi àtàwọn ọmọ, màá padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Kika." Èmi rẹ́rìn-ín, Kaoussara náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Rafiou kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi pé ojú máa ń ti èmi tí mò ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà á pé obìnrin náà á lọ.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ilé iṣẹ́ pè é sí Parakou fún formation, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá, gbogbo etí ló fi gbọ́ ọ. Wọ́n kó wọn jọ sí yàrá kan tó tutù bí inú fíríìjì. Ọkùnrin kan tó ti Cotonou wá, tí ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ya róbótó kan sára pátákó, ó sì fa ìlà sí i láàárín. Ó ní apá kan ni iṣẹ́, apá kejì ni ilé, ọ̀gá tó bá jẹ́ kí ọ̀kan ṣàn wọ inú ìkejì, méjèèjì ló máa bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n má gba òṣìṣẹ́ sílé mọ́, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó wá sí bureau, ọ́fíìsì ọ̀gá, ní aago mẹ́jọ. Ó ní kí wọ́n máa pa portable, fóònù ọwọ́ wọn, tí iṣẹ́ bá ti parí. Ó ní ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, ó máa ń rán ẹlòmíràn ni, kì í sì í ṣe ojúsàájú.

Nígbà tí Rafiou dé, ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ yà sí. Kò lè jókòó.

"Tata, vraiment, ojú mi là! Ohun tí Kaoussara ti ń wí látọjọ́ yìí náà ni, àfi pé ti ọkùnrin yẹn wà lórí pátákó."

Inú mi dùn fún wọn, mi ò ní purọ́. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Rafiou jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, kò fi tọmọ kankan sí i.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún àwọn tó wá pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Aago mẹ́jọ, bureau." Wọ́n rò pé àwàdà rẹ̀ ni. Obìnrin kan tiẹ̀ ń yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ògì ti wà lórí iná. Rafiou rẹ́rìn-ín sí wọn, ó kí wọn dáadáa, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Rafiou ń tètè dé. Ó ń bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé wọn. Kaoussara dirí tuntun, mo máa ń gbọ́ orin rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ń kọrin títí iyọ̀ fi tán nínú ilé lọ́jọ́ kan, tí ọkọ rẹ̀ pe gbogbo ilé jọ lẹ́yìn oúnjẹ, tó sì bi í pé, "Bon, Kaoussara, kí ni solution tí ìwọ ń proposer?" Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí òwú fi já lẹ́nu abẹ́rẹ́. Òun kò mọ̀ bóyá kó bá mi rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún.

"Tata, ó wà nílé o," ló wí. "Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni. Àmọ́ ó dà bíi pé ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ ló ń dé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà ni pé ìlà tí ọkùnrin Parakou fà kò mọ Tchaourou. Bóyá ní Cotonou, èèyàn lè bá àwọn tí kò mọ̀ rí ṣiṣẹ́. Níbí, ta lo fẹ́ gbà síṣẹ́ tí kò ní í jẹ́ ẹbí ẹnìkan? Bàbá Bassirou tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kajú, àbúrò bàbá Kaoussara ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló di bàbá fún un, òun ló sì fa ọwọ́ rẹ̀ lé Rafiou lọ́wọ́ lọ́jọ́ yìgì. Salma tó ń ṣa kajú, tó ń ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jó, ọmọ ìyá Kaoussara ni. Rafiou bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Tata, Salma yìí, ṣé òṣìṣẹ́ mi ni àbí àbúrò ìyàwó mi?" Mo ní méjèèjì ni. Ó mi orí, ó ní, "Ìlà yẹn ò gba méjèèjì." Ó sì lọ tòun ti ìdààmú.

Ni Salma bá bímọ. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ìkómọ bọ́ sí, ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ wá kó ẹrù. Rafiou rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ti bímọ lẹ́yìn tó ti Parakou dé, kò lọ síbẹ̀. Bó bá lọ sí ti Salma, wọn ò ní sọ pé ojúsàájú ni? Ó rán Abdoul-Kader, igbákejì rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ ìpọnmọ.

Mo wà níbi ìkómọ náà. Lẹ́yìn tí lèmọ́mù ṣàdúrà tán, wọ́n ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n bọ́ síwájú wá gbé ọmọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wọn. Gbogbo ojú ń wá Rafiou kiri. Abdoul-Kader dìde pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn, ó wúkọ́, ó ní, "Mo wá représenter chef, ọ̀gá wa."

Ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yìn wá bèèrè pé, "Ṣé ìwọ náà lo máa représenter rẹ̀ lọ́dọ̀ Kaoussara lálẹ́ òní?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin ń lu ara wọn léjìká, èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìgbà tí mo wo Kaoussara ni ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ó tẹ orí ba, ó ń tún ìdí ìró tí kò tú ṣe. Inú bí mi sí Rafiou lọ́jọ́ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìwọ sì rán ojú ẹlòmíràn wá!

Rafiou kò pẹ́ dé lọ́jọ́ náà, ó sì ra búrẹ́dì wá. Ó bèèrè pé ṣé Abdoul-Kader ṣe é dáadáa. Kaoussara ní, "Ó dára." Obìnrin tó ń jà ṣì wà nílé ọkọ rẹ̀. Èyí tó ń sọ pé ó dára, ẹ lọ wo abẹ́ ibùsùn rẹ̀, bóyá àpò ti wà níbẹ̀.

Àpò ti wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kaoussara wá bá mi, ó ní, "Tata, mò ń lọ sí Kika. Inú ò bí mi. Mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń bá gbé mọ́." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti lọ sọ fún Bàbá Bassirou, nítorí ọmọ tó ní ilé kì í dédé kúrò nílé ọkọ láìsọ fún ẹni tó fi í fún ọkọ. Bàbá Bassirou sì ti ní kó ṣe sùúrù, òun àti Bàbá Tidjani, àgbà kan nínú ẹbí wọn, á wá bá Rafiou ní ìdájí. Wọ́n á pa iná ọ̀rọ̀ náà láàárín ilé, ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́. Kaoussara gbà. Ó ní bí Rafiou bá gbọ́ tiwọn, òun á tú ẹrù.

Ní ìdájí, mo ti ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rí àwọn bàbá méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà funfun, wọn ò yára rìn. Kaoussara wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń wẹ àwọn ọmọ. Rafiou ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo Bàbá Bassirou. Kí ló rí? Mo ti bi ara mi títí. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni ojú rẹ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀, tonton," ló wí, bí a ṣe ń pe àbúrò bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́jọ."

"Rafiou, ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró de aago mẹ́jọ."

Rafiou gbé ọwọ́ lé àyà. Ojú rẹ̀ ń bẹ bàbá náà, mo rí i. "Tonton, bí mo bá ṣe é fún yín, mo gbọ́dọ̀ ṣe é fún gbogbo èèyàn. Règlement ni, òfin ni. Ẹ má bínú."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn, kò tì í gbàgà. Èmi dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé kí n sọdá kí n pariwo ni? Àbí ọ̀rọ̀ àwọn àna ni, tí kò yẹ kí ẹnu mi wọ̀ ọ́? Ibi tí mo ti ń rò ó ni àwọn bàbá náà ti kọjá lọ.

Mo ní ẹ̀wù iṣẹ́ tí mo rán fún àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ kajú, mo fi ìyẹn ṣe àwáwí, mo tètè gbé e lọ lówùúrọ̀ náà. Àwọn obìnrin tò sẹ́nu ọ̀nà bureau láti gba ìbọ̀wọ́. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, nítorí ọkùnrin Parakou tún ti ní ilẹ̀kùn ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa wà ní ṣíṣí. Àwọn bàbá méjèèjì wọlé. Rafiou fún wọn ní àga, ó mú bíìkì ìkọ̀wé, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Bon, tonton, mò ń gbọ́ yín."

Bàbá Bassirou wo àwa tí a tò sẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibí."

"Tonton, ibí gan-an ni. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà, ẹ má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni."

Bàbá Bassirou kì í bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Lọ́jọ́ náà pàápàá kò gbé ohùn sókè, ó kàn dìde dúró ni.

"Ó dára. Ìwọ lo ni ibí. Kaoussara ló rán wa. Ó ní òun fẹ́ padà sí Kika, òun ò ṣe mọ́. A wá sọ ọ́ fún ọ ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. O ní aago mẹ́jọ. Aago mẹ́jọ ti lù."

Ó jáde. Ó gba àárín wa kọjá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí géètì fún ọkọ̀ ńlá tó ń fun fèrè níta.

Abdoul-Kader wá bèèrè bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹrù. Rafiou wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó gbé portable, ó gbé e sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé ni," ló wí, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. "A kì í gbé e wá síbi iṣẹ́. Donc... tí iṣẹ́ bá parí..."

"Rafiou!" Èmi ni mo pariwo. "Lọ sílé!"

Ó jáde, ó padà wá mú fìlà, ó tún gbé fìlà náà sórí tábìlì, ó sì lọ láìdé e.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohun tí gbogbo usine gbọ́, báwo ni Kaoussara ṣe máa jókòó nílé bí ẹni pé kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́? Ó ti gbé àpò sí ìloro. Mo dé lẹ́yìn Rafiou, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì gbọ́ wọn.

"Kaoussara, o ní mi ò sí nílé. Mo ti wà nílé."

"O wà."

"O ní èèyàn ti pọ̀ jù. Mo lé wọn."

"O lé bàbá mi mọ́ wọn."

"Kí n tún máa ṣílẹ̀kùn ní ìdájí nígbà yẹn?"

"Rárá!"

"Kí n má ṣí i?"

"Rárá!"

Ló bá jókòó lórí àpò náà, ó bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀, Rafiou. Èmi náà ò mọ̀. Jẹ́ kí n lọ." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó pọn àbígbẹ̀yìn wọn, ó gun moto, ó lọ.

Ní àṣà wa, ọkọ kì í lọ bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà ló ń rán. Ta ni Rafiou fẹ́ rán? Bàbá Bassirou ni ìbá rán. Ní Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti gbẹ bí ẹja.

"Tata, mo ti rán èèyàn tó. Èmi fúnra mi ni màá lọ. Ẹ ṣáà bá mi lọ, tí ẹnu mi bá kú, kí ẹ bá mi sọ ọ́."

Mo sọ fún un pé kò bójú mu. Mo tún sọ fún un pé ó bójú mu. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì gun ẹ̀yìn moto rẹ̀. Eruku ọ̀nà Kika bò wá, èso kajú pupa wà lápá ọ̀tún àti òsì, Rafiou sì ń ka ohun tó fẹ́ lọ sọ níbẹ̀ sí mi létí láti ibùsọ̀ dé ibùsọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Faransé, ó yí i sí Nàgó, ó kó méjèèjì pọ̀. Gbogbo rẹ̀ dára, kò sì sí èyí tó dára níbẹ̀.

Ìyá Kaoussara jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà. A kí i. Rafiou dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀. Ìyá fún wa lómi, ó sì wò ó pẹ́. Ẹnu iṣẹ́ ni Rafiou ti wá, ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí láyà ló wọ̀.

"Ta ló wá bá mi?" ni ìyá bèèrè. "Ṣé ọ̀gá Salma ni, àbí ọkọ Kaoussara?"

Rafiou la ẹnu. Mo mọ gbogbo ohun tó kà lójú ọ̀nà, mo ń dúró dè é. Kò sí ìkankan tó jáde. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́, ẹnu tèmi náà kú.

"Mi ò mọ̀, Màmá," ló wí, omi sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Rafiou ni. Ẹ má lé mi."

Ìyá náà da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú igbá. Kaoussara ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

"Dìde," ló wí. "O ti ń ba ẹ̀wù yẹn jẹ́."

Rafiou kò dìde. Ó bi í pé, "Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Kaoussara wí. Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó sì jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó dára. Ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí mi. Àwa méjèèjì dìde, a wá iṣẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn ilé.